Ta Ló Jẹ Búrẹ́dì Ọlọ́lá?

Kò sí ohun tó dùn mọ́ Straton Kayihura nínú tó kí ènìyàn béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé èdè mélòó ló gbọ́. Bí ẹnikẹ́ni kò bá béèrè, òun fúnra rẹ̀ a wá ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ yóò gbà yà síbẹ̀. Ẹ sọ̀rọ̀ òjò, yóò ní àwọn Faransé ní orúkọ mìíràn fún irú òjò bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ̀rọ̀ màlúù, yóò káàánú àwọn Gẹ̀ẹ́sì pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní fún àwọ̀ màlúù kò tó nǹkan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa túmọ̀ ìwé ìjọba láti Faransé sí Gẹ̀ẹ́sì, àti láti Gẹ̀ẹ́sì padà sí Faransé, ní ọ́fíìsì kan ní Kigali, olú ìlú Rwanda. Iṣẹ́ náà ti wọ̀ ọ́ lára débi pé bó bá ń bá ìyàwó rẹ̀ ṣàròyé nílé, àròyé náà a ní orí, a ní ìpín, a sì tún ní àfikún lẹ́yìn.

Nígbà tí ìjọba ní Swahili náà ti di èdè ìjọba, àwọn yòókù ní ọ́fíìsì ń kùn. Straton ní tirẹ̀ dìde dúró níbi ìpàdé, ó ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé kí ọdún tó yípo òun yóò máa sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n bí sí Zanzibar. Kò sí ẹni tó bi í. Nígbà tó jókòó tán, ẹnu ya òun gan-an sí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde.

Ó ra ìwé. Ó wọ ẹgbẹ́ bíi mélòó kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ẹni tó ń kọ́ Swahili. Ìkíni ló bá níbẹ̀. Ẹnìkan a kí láti Kánádà, ẹnìkan a jẹ́ ẹ láti Kampala, ẹlòmíràn a béèrè àlàáfíà ilé, òmíràn a ní àlàáfíà ni ilé wà. Ilẹ̀ a ṣú, ilẹ̀ a mọ́, wọn a tún bẹ̀rẹ̀. Ó dà bí kí ènìyàn wọ ọjà kó bá a pé kò sẹ́ni tó gbé nǹkan wá tà, pé ṣe ni gbogbo wọn wá kí ara wọn. Nígbà tó yá, Straton lè kí gbogbo Dar es Salaam láàárọ̀, lọ́sàn-án àti ní ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan nínú wọn bá lọ jẹ́ ẹ, tó sì fi ìbéèrè kékeré kan tì í, òógùn á bo ọ̀gbẹ́ni wa.

Ìyàwó rẹ̀, Spéciose, ló là á lọ́yẹ. Spéciose ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń rán aṣọ fèrèsé ní Kicukiro, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò.

Ó ní, "Àwọn tó ń kọ́ èdè yẹn, kí ni wọ́n fẹ́ sọ fún ẹ? Kí ni ìwọ náà fẹ́ sọ fún wọn? Ohun tó o máa ń ṣe tí n kò bá sí nílé, lọ wá àwọn tó ń ṣe é. Lédè wọn ni kó o ti bá wọn ṣe é."

Straton ṣe bí ẹni tí kò mọ ohun tó ń sọ. Ó mọ̀ ọ́n. Ní ọ̀sán Sátidé, nígbà tí Spéciose bá wà ní ṣọ́ọ̀bù, Straton a fa aṣọ fèrèsé dí ilé ìdáná, a so aṣọ ìdáná ìyàwó rẹ̀ mọ́ ìdí, a sì po ìyẹ̀fun. Búrẹ́dì ló gba ọkàn rẹ̀. Ọkùnrin tó ti túmọ̀ òfin orílẹ̀-èdè kò gbọdọ̀ jẹ́ kí aládùúgbò rí òun pẹ̀lú ìyẹ̀fun nímú. Ó ti rò pé àṣírí ni. Kò rántí pé aṣọ ìdáná tó bá fọ̀ kì í gbẹ kí Spéciose tó dé.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe tẹ búrẹ́dì ní Swahili sínú fóònù, tó sì já sáàárín àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì ìrẹsì. Oúnjẹ àwọn ará etíkun ni. Wọ́n á rẹ ìrẹsì mọ́jú, wọ́n á lọ̀ ọ́ pẹ̀lú wàrà àgbọn àti ṣúgà, wọ́n á fi èso olóòórùn tí wọ́n ń pè ní iliki sí i, wọ́n á bu ìwúkàrà sí i, wọ́n á dà á bí ògì sínú páànù, wọ́n á sì kó ẹyin iná lé ìdérí rẹ̀. Tó bá jinná, tí wọ́n gé e, àìmọye ihò wẹ́wẹ́ ló máa wà nínú rẹ̀ bí afárá oyin. Ihò yẹn ni ògo rẹ̀. Búrẹ́dì tí kò ní ihò, òkúta ni wọ́n ń pè é.

Ìyá àgbà kan ní Tanga, ní etíkun Tanzania, ló ni ẹgbẹ́ náà lórí wọ́sáàpù. Bi Mwanahawa ni wọ́n ń pè é. Bi yẹn ni ọ̀wọ̀ tí wọ́n ń fi ṣáájú orúkọ ìyá lọ́dọ̀ wọn. Òfin rẹ̀ kò pọ̀. Swahili nìkan ni kẹ́ ẹ sọ. Ẹ má polówó ọjà níbí. Lọ́jọ́ Jímọ̀, gbé búrẹ́dì rẹ wá, kó o sì jẹ ẹ́ kí a rí ọ. Straton ka òfin náà láti òkè dé ilẹ̀, ó sì tẹ̀wọ́ gbà á. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, ó rò pé ọ̀rọ̀ ìyànjú lásán ni, bí ìgbà tí ènìyàn bá ní kí àlejò jẹun kó yó.

Ó fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan kọ ìkíni àkọ́kọ́. Nígbà tó jáde, ó lọ báyìí: ẹ̀yin ìyáàfin àti ọ̀gbẹ́ni tí ọlá yín kò ṣe é fẹnu sọ, èmi tí orúkọ mi hàn nísàlẹ̀ ń fi ìrẹ̀lẹ̀ tọrọ ààyè láàárín yín nítorí ọ̀ràn búrẹ́dì. Lẹ́yìn náà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Makame, tó ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe ní Pangani, kọ ọ́ pé, "Ẹ dìde o, Ọlọ́lá ti dé." Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Ọlọ́lá. Inú Straton dùn púpọ̀. Ó sọ fún Spéciose pé àwọn ará etíkun mọ iyì ènìyàn. Ó pẹ́ kó tó yé e pé wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Nígbà tó yé e pàápàá, kò ní kí wọ́n má pe òun bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ń lọ. Búrẹ́dì àkọ́kọ́ rẹ̀ di òkúta. Èkejì wú kọjá ààlà, ó sì wó lulẹ̀ láàárín bí òrùlé ilé tí kò lópòó. Ó béèrè, Bi Mwanahawa sì fi ohùn ránṣẹ́ pé orí òkè ni Ọlọ́lá ń gbé, pé nǹkan máa ń yára wú lókè, kó má dúró kí ó kún páànù kó tó gbé e ka iná. Straton gbọ́ ohùn náà léraléra, kì í ṣe nítorí èdè, bí kò ṣe nítorí pé ó fẹ́ mọ ìdí tí búrẹ́dì òun fi ń wó. Ó béèrè sí i, wọ́n dá a lóhùn, ó bá wọn jiyàn, wọ́n ní kó lọ fi omi tútù bọ́jú. Ẹnìkan kú nílé Makame, Straton bá a kẹ́dùn. Ọmọ Bi Mwanahawa bímọ, Straton wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kí i. Lọ́jọ́ kan nínú bọ́ọ̀sì, ó rí i pé òun ti ń rẹ́rìn-ín sí àwàdà Makame kí òun tó rántí pé Swahili ni. Kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Ó yà á lẹ́nu pé nǹkan kan ń dùn mọ́ òun tí òun kò fẹ́ fi yangàn.

Wàhálà ibẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Lọ́jọ́ Jímọ̀, gbogbo wọn a máa fi fídíò ránṣẹ́: ẹni yìí bu búrẹ́dì rẹ̀ jẹ, ó di ojú, ẹni tọ̀hún ń lá ìka. Straton ní tirẹ̀ a fi àwòrán búrẹ́dì ránṣẹ́, lórí àwo funfun, pẹ̀lú aṣọ alárà lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà a fi àwòrán àwo náà ránṣẹ́, ó ti fọ̀ ọ́, ó ti nù ún, ó ti dojú rẹ̀ dé. Lójú tirẹ̀, kò sí bí ènìyàn ṣe lè fi ìwà ọmọlúàbí sọ pé òun ti jẹun jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nílé tí wọ́n ti tọ́ ọ, àgbàlagbà kì í jẹun níbi tí ojú ará ìta ti lè bá ẹnu rẹ̀. O lè mu. Mímu kò ní àbùkù, gbogbo àdúgbò lè yí ìkòkò ọtí ká. Ṣùgbọ́n jíjẹ, ọmọdé àti ewúrẹ́ ló ń ṣe é ní gbangba. Ìyá rẹ̀ ti gba ọ̀dùnkún lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà rí, ó sì fi ọ̀dùnkún náà gbá a létí. Títí di òní, ẹ̀yìn ni Straton ń kọ sí ẹnu ọ̀nà tó bá fẹ́ jẹun ọ̀sán ní ọ́fíìsì.

Makame ló kọ́kọ́ béèrè. Ó ní, "Ọlọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló jẹ búrẹ́dì yẹn?"

Straton ní àwọn ará ilé òun ni, pé wọ́n sì gbádùn rẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀.

Makame ní, "Àwọn ará ilé yín, ṣé wọ́n ní ẹnu ṣá?"

Àwàdà ni lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí ó di oṣù kejì, kò jẹ́ àwàdà mọ́. Ó ṣe tán, ọkùnrin kan ti wọ ẹgbẹ́ náà rí, tó ń jí àwòrán búrẹ́dì Bi Mwanahawa, tó sì fi ń pe ara rẹ̀ ní olùkọ́ àgbà níbòmíràn. Òun náà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun kó jẹun rí. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé búrẹ́dì Ọlọ́lá ti lẹ́wà jù fún ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu àìpẹ́. Straton bínú, ó jókòó, ó kọ àlàyé. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà bàbá bàbá rẹ̀. Ó ṣe àlàyé ẹnu, ojú, àti ìyàtọ̀ tó wà láàárín mímu àti jíjẹ, ó fi ìkádìí sí i. Àlàyé náà gùn débi pé fóònù àwọn kan kò ṣí i tán.

Makame dáhùn pé, "Mo ti ka ìwé Ọlọ́lá tán. Ó dára gan-an. Ebi ti wá ń pa mí."

Bi Mwanahawa fi ohùn ránṣẹ́. Kò rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀.

"Ọlọ́lá, ọmọ mi, mo ti gbọ́ àlàyé ẹ. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni lọ́dọ̀ yín. Lọ́dọ̀ tiwa, orí àwo kan náà ni gbogbo ọwọ́ ń pàdé, ẹni tó sè é ló sì ń kọ́kọ́ bù ú jẹ. Ẹni tó bá gbé oúnjẹ síwájú wa tí kò fẹ́ ká rí òun kó jẹ ẹ́, a kì í fọwọ́ kàn án. Mi ò pè ẹ́ ní òpùrọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, gbogbo wa máa ríra lórí fídíò, màá sì fẹ́ rí ẹ kó o jẹun. Tí mi ò bá rí ẹ, màá yọ ẹ́ kúrò. Ó máa dùn mí o, àmọ́ màá yọ ẹ́."

Straton gbé fóònù sílẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ẹgbẹ́ búrẹ́dì lásánlàsàn ni, pé ọkùnrin bíi tòun, tó gbọ́ èdè bí òun ṣe gbọ́ ọ, lè rí òmíràn kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó wá rántí àwọn tó ń kí ara wọn láti Kánádà dé Kampala. Ìrònú pé òun yóò padà sáàárín wọn, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní bi òun mọ́ bóyá búrẹ́dì òun wú, mú kó tún gbé fóònù náà.

Spéciose ní kí ló le níbẹ̀. Ó ní ní Kigali tòní, àwọn ọmọge ń lá áísìkiriìmù sọdá títì, ọ̀run kò sì tíì ya. Ó tún ní ṣé Straton kọ́ ló ń jẹ ẹran ewúrẹ́ sísun pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Nyamirambo. Straton ní ẹ̀yìn ògiri nìyẹn, pé níbẹ̀ gbogbo ẹnu ló dí, kò sẹ́ni tó ń wo ti ẹnìkejì. Èyí tí wọ́n ń béèrè yìí, kí òun jẹun kí àwọn ènìyàn jókòó máa wò ni, bí ìgbà tí àwọn ọmọ ilé ìwé bá lọ wo ọ̀bọ. Ó gbìyànjú kó fi dígí dánra wò. Ó gbé búrẹ́dì dé ẹnu. Ọkùnrin inú dígí náà gbé tirẹ̀ dé ẹnu, ó sì ranjú mọ́ ọn. Straton dúró kí ó kọ́kọ́ wo ibòmíràn. Kò wo ibòmíràn. Bí àwọn méjèèjì ṣe gbé búrẹ́dì wọn sílẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí Jímọ̀ dé, àyà rẹ̀ ti já débi pé ó bu iyọ̀ sí ìrẹsì lílọ̀ náà, ó gbàgbé, ó tún bu iyọ̀ sí i. Iná èédú sì jó ìdí búrẹ́dì náà níbi tó ti ń wá táì tó bá kóòtù rẹ̀ mu. Kò sí àkókò láti ṣe òmíràn. Ó gbé e sórí àwo funfun, ó dojú ibi tó jó dé ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó sì jókòó síwájú fóònù bí ẹlẹ́rìí ní kóòtù. Àwọn ará etíkun ti kí ìrun Jímọ̀ tán, wọ́n ti kún ojú fóònù, ẹni kọ̀ọ̀kan nínú fèrèsé kékeré tirẹ̀. Wọ́n ń jẹun lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ké sí ara wọn. Bi Mwanahawa, obìnrin tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó wọ awò ojú, ń wò wọ́n bí ìyá ìyàwó. Nígbà tó kan Straton, ó tú ìwé ọ̀rọ̀ tó kọ sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

Bi Mwanahawa ní, "Ọlọ́lá, jẹun."

Straton ká ìwé náà. Ó gé búrẹ́dì. Ó gbé e sókè. Gbogbo fèrèsé wọ̀nyẹn ni ojú wà, kò sì sí èyí tó wo ibòmíràn. Ó ní kí wọ́n yọ̀ǹda fún òun. Lẹ́yìn náà, ó dìde, ó yí àga, ó kọ ẹ̀yìn sí gbogbo ẹgbẹ́, ó sì gé búrẹ́dì náà jẹ.

Ní Tanga àti Pangani, ẹ̀yìn ọrùn àti kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń rí.

Makame ní, "Ẹ wo etí ẹ̀."

Òótọ́ ni. Ọlọ́run dá Straton ní etí ńlá, bó sì ṣe ń jẹun ni etí náà ń gòkè, tó ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀rín bú. Obìnrin kan ní Lamu ní etí yẹn ń jẹun dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ní etí kì í ṣe ẹ̀rí, pé ẹni tó bá ń jẹ ẹnu lásán náà, etí rẹ̀ á mì. Ẹ̀rín náà rọlẹ̀. Straton gbọ́ bó ṣe rọlẹ̀ láti ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì mọ̀ pé wọ́n fẹ́ yọ òun.

Bi Mwanahawa ní, "Báwo ló ṣe rí lẹ́nu?"

Straton ti pèsè ìdáhùn sílẹ̀ fún ìyẹn. Ó wà nínú ìwé tó ká yẹn: dídùn rẹ̀ kọjá ohun tí ahọ́n lè ròyìn. Ṣùgbọ́n ìwé náà wà lẹ́yìn rẹ̀, búrẹ́dì náà wà lẹ́nu rẹ̀, búrẹ́dì náà kò sì dára. Ẹni tó bá ti kọ ẹ̀yìn sáyé, kò sí ojú kan tó tún ń ṣọ́ mọ́.

Ó fi ẹnu tó kún sọ̀rọ̀. Ó ní, "Iyọ̀ pọ̀ nínú ẹ̀. Ìdí ẹ̀ ti jóná. Iliki yẹn ti pẹ́ nílé, ó ń rùn bí ọṣẹ."

"Àárín ẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ń lẹ̀ mọ́ mi léyín, Bi."

"Èyí tó o gbé wá ní Jímọ̀ tó kọjá ńkọ́? Èyí tó wà lórí aṣọ alárà yẹn?"

Straton gbé e mì kó tó dáhùn. "Ìyẹn náà jóná. Gbogbo wọn ló ń jóná. Ibi tó jóná ni mo máa ń dojú ẹ̀ dé ilẹ̀."

Kò sí ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn tó kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, òun kò sì ṣàkíyèsí. Ẹ̀rín tó bú lẹ́yìn rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí pọ̀ débi pé fóònù náà ń gbọ̀n lórí tábìlì. Makame ń lu nǹkan kan, bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ ni, bóyá ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí ó rọlẹ̀, ohùn Bi Mwanahawa dún pẹ̀lẹ́.

"Ẹ dákẹ́ ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jí búrẹ́dì kì í jí èyí tó jóná. Ọmọ mi, kò sẹ́ni tó máa yọ ẹ́. Yíjú sí wa."

Straton ṣe gbogbo ipá rẹ̀. Ó yí àga díẹ̀. Ó tún yí i díẹ̀ sí i. Ó dúró níbi tí wọ́n ti lè rí imú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, àti ìdajì irùngbọ̀n pẹ̀lú èérún búrẹ́dì.

Ó ní, "Ẹ̀gbẹ́ kan ni mo lè fún yín lónìí, Bi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀."

Bi Mwanahawa ní ó tó, pé kó sún ẹyin iná sẹ́yìn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kó sì lọ da iliki yẹn nù. Ó wá pe Makame. Makame gbé búrẹ́dì tirẹ̀ sún mọ́ fóònù, ó là á, ó sì ki èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ bọ ẹnu láìpa ẹnu dé, gbogbo ẹgbẹ́ ń rí bó ṣe ń rìn kiri nínú ẹnu rẹ̀. Straton, gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ, gbé ojú kúrò. Lẹ́yìn náà ó fi ojú kan yọ́ wò ó.

Ó ní, "Makame, àárín tìẹ kò jinná."

Ẹgbẹ́ náà hó gèè. Makame sún ojú mọ́ fóònù, ó ní kí gbogbo ayé wá gbọ́, pé ẹni tí ìdí búrẹ́dì rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò ló ń bú òun, pé ta tiẹ̀ ló fún Etí láyè ọ̀rọ̀. Èsì kan tó mú bí abẹ ti wà nílẹ̀ nínú orí Straton, pẹ̀lú Swahili tó já gaara. Ṣùgbọ́n kò lè sọ ọ́. Kò mọ ìgbà tí ọwọ́ òun mú ègé kejì, ẹnu rẹ̀ sì ti kún.